Owó Kito Tí Ẹ Gbé Wá sí Mọ́sálásí

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Ọ̀rọ̀ zákà irè oko ni mo ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ọmọkùnrin kan wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ilé-kéwú wa ló ti kàwé nígbà tó wà ní kékeré, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ ní Fātiha. Ó na ₦20,000 sí mi. Ó ní, "Áàfáà, ẹ bá mi fi èyí kún owó kànga tí à ń gbẹ́." Inú mi dùn. Mo ṣe àdúà fún un. Lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá ó ti ríṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá o, Áàfáà. Hómò kan la kito ní ọjọ́ Àlàmísì."

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin kan á ṣí ojú-ìwé irọ́ sórí Facebook tàbí Grindr, á fi àwòrán ẹlòmíràn síbẹ̀, á sì ṣe bí ẹni pé òun náà jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ràn ọkùnrin. Á máa bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Á wá ní kó máa bọ̀ nílé. Tó bá ti wọlé tán, àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ti sá pamọ́ á jáde sí i. Wọ́n á nà án, wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á ní kó pe orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á gba fóònù, wọ́n á gba PIN, ẹnìkan á sáré lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò máa pè é pé kó fi owó ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ yóò rí fídíò náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní kito nìyẹn.

Mo dá owó náà padà fún un. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Ó ní ṣebí èmi ni mo ṣe wáàsí lórí ìjọ Ànọ́bì Lūtù nínú Ramadan tó kọjá. Òótọ́ ni, èmi ni. Bí wáàsí mi bá sì lè di igi lọ́wọ́ ọmọ tí mo kọ́ ní Fātiha, a jẹ́ pé ìdajì wáàsí ni mo ṣe. Ìdajì tó kù ni mò ń kọ yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, fídíò náà dé orí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa. Mo ṣí i. N kò ní parọ́ fún yín, mo wò ó kọjá ibi tó yẹ kí n ti pa á, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun lórí ìyẹn. Ohùn ọkùnrin náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Ohùn yẹn ló sọ "háló, wan, tú, tirí" sínú máíìkì wa ní alẹ́ tó ṣáájú Ramadan, nígbà tí amúgbohùn mọ́sálásí bàjẹ́ tí gbogbo wa ń sá kiri. Ó tún un ṣe títí di aago méjìlá òru. Nígbà tí a fẹ́ fún un lówó, ó ní kí a fi ra omi fún àwọn tó ń ṣínu.

Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má baà mọ̀ ọ́n. Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ẹ má wá a kiri.

Ó máa ń jí ṣáájú ìpè ìrun àárọ̀. Kì í ṣe nítorí ìrun nìkan, nítorí ẹyẹlé ni pẹ̀lú. Ó ní bíi ogójì lórí òrùlé ilé tó háyà, ó sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń jà, èyí tó ń ṣàìsàn, èyí tó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Àgbàdo àti ọkà bàbà ló ń dà fún wọn. Ó lè dúró sí ìta fún wákàtí kan kó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fò yí òrùlé po kí wọ́n tó bà. Mo bi í rí bóyá ó ń tà wọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi bóyá ó ń ta ọmọ.

Tó bá di aago mẹ́jọ, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Rédíò, tẹlifísọ̀n, amúgbohùn, gbogbo ohun tó bá ń fọhùn ló ń tún ṣe. Ìyá àgbà tó bá gbé rédíò kékeré wá kì í sanwó, nítorí ó ní bátìrì ni wàhálà púpọ̀ nínú wọn. Ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, n kò sì rí i kó na èyíkéyìí rí. Tí wọ́n bá jó nǹkan, á kàn bú ìjọba. Ìjọba ló máa ń bú lórí gbogbo nǹkan. Ó ní iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń jó tẹlifísọ̀n àwọn èèyàn, ló ń bọ́ òun, ọjọ́ tí iná bá dúró ni òun kò ní níṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́hun jẹ́ kó dúró.

Ní ti bọ́ọ̀lù, nígbà tí gbogbo ọmọ àdúgbò bá wọ aṣọ Arsenal àti Chelsea, 3SC ni tirẹ̀. Ó ń lọ sí pápá Lekan Salami ní Adámásìngbà bí ẹni ń lọ kí ẹbí. Ó wà ní ọmọdé ní 1992 tí wọ́n gba ife CAF, ó ní orí èjìká bàbá òun ni òun ti rí bí Ìbàdàn ṣe ń jó. Ó máa ń sọ pé ìtìjú ńlá ni kí ọmọ Ìbàdàn mọ ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Lọ́ńdọ̀nù, kó má sì mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ gólì fún 3SC. Ní ti fújì, Bárísítà ni, kì í fẹ́ gbọ́ ti Kọ̀lińtìn rárá. Ọjọ́ kan tí mo sọ fún un pé orin kò yẹ kó máa dún tó bẹ́ẹ̀ nítòsí mọ́sálásí, ó rán mi létí pé inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí mùsùlùmí sí sààrì ni fújì ti jáde. N kò rí èsì fọ̀. N kò tíì rí i títí di òní.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ń lọ kí ìyá rẹ̀, ó ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dání. Ìyá yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa ń dárúkọ pé àwọn yóò fi fídíò ránṣẹ́ sí.

Ó ń fẹ́ràn ọkùnrin. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi lẹ́yìn tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo lọ bá a tí ojú rẹ̀ ọ̀tún ṣì wú. Ó ní òun kò yàn án, bí òun ṣe bá ara òun nìyẹn. Mo sọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ fún un. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ilé-kéwú ni òun náà lọ. A kò fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Áàfáà, èmi àti Ọlọ́hun la jọ ń sọ tèmi lóru. Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń sọ fún Un?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò wá yí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn padà. Ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin kò tọ́ nínú ẹ̀sìn wa, ohun tí mo gbà nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ lórí míńbárì. Ṣùgbọ́n ríbà ńkọ́? Nínú Sūratul-Baqarah, Ọlọ́hun kéde ogun sí ẹni tó bá kọ̀ láti jáwọ́ nínú ríbà. Àwọn tó ń yá èèyàn lówó èlé wà nínú sáàfù àkọ́kọ́, ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ máa ń kí wọn ní "Àlàájì". Ta ló ti ká wọn mọ́ inú yàrá? Ta ló ti ní kí wọ́n bọ́ ṣòkòtò, kí wọ́n pe orúkọ wọn sí kámẹ́rà? Kò sí. Nítorí wọ́n ní lọ́yà, wọ́n sì mọ DPO. Ẹ̀yin kò wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹ wá, nítorí ẹ mọ̀ pé bó bá débẹ̀, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ tì mọ́lé. Olè tó bá ń yan ilé tí kò ní ajá, ẹ kì í pè é ní jagunjagun ẹ̀sìn.

Ẹ ní ìjọ Ànọ́bì Lūtù ni ẹ ń bá jà. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á ka ìtàn náà pa pọ̀. Ẹ ṣí Sūratul-Ankabūt, orí 29, ẹsẹ 29. Ẹ̀sùn tí Ànọ́bì Lūtù fi kan àwọn èèyàn rẹ̀ níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ ọkùnrin lọ. Ó tún sọ pé wọ́n ń gégùn-ún lójú ọ̀nà, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn onítafsīr túmọ̀ sí pé wọ́n ń dá àwọn arìnrìn-àjò lọ́nà, wọ́n ń gba ẹrù wọn. Ó sì sọ pé wọ́n ń ṣe ìwà burúkú ní gbangba níbi àpéjọ wọn. Ẹ tún padà sí Sūratu Hūd àti Sūratul-Hijr, ẹ wò ó bóyá àwọn tó wà nínú ilé ni Ọlọ́hun bá wí, tàbí àwọn tó wá rọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, tí wọ́n fẹ́ fi agbára mú àlejò tó fọkàn tán onílé.

Nísinsìnyí, ẹ wo ara yín. Ẹ pe àlejò, ó fọkàn tán yín. Ẹ ká a mọ́ ilé. Ẹ fi agbára bọ́ ọ sí ìhòòhò. Ẹ gba ẹrù rẹ̀. Ẹ gbé e sí àárín àpéjọ WhatsApp, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹlẹ́yẹlé ní ohun kan tí Lūtù bá àwọn èèyàn rẹ̀ wí lé lórí. Ẹ̀yin mélòó ni ẹ ní?

Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wa lórí ohun tó pamọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ 12, kọ̀ fún wa láti máa fura sí ara wa àti láti máa tọ pinpin ara wa. Sūratun-Nūr, ẹsẹ 4, ní kí wọ́n na ẹni tó bá fi àgbèrè kan ọmọlúàbí, tí kò rí ẹlẹ́rìí mẹ́rin mú wá, ní pàṣán 80, kí wọ́n má sì gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímímọ̀ fiqhi fi ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí abẹ́ ìdájọ́ kan náà. Ẹ̀yin kò rí ẹlẹ́rìí kankan. Ẹ kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan pàápàá. Ọ̀rọ̀ orí fóònù lẹ rí, ẹ̀yin lẹ sì pe ọkùnrin náà sí i. Ẹni tó bá dẹ okùn ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ ta ló ń ṣe? Ẹ mọ orúkọ ẹni náà, ẹ máa ń wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ka Àlùkùránì.

Ẹ lè sọ pé ó jẹ́wọ́ nínú fídíò. Ẹni tí igi wà lórí rẹ̀ yóò jẹ́wọ́ pé òun ló pa Sayyidinā Husayn. Ìjẹ́wọ́ ẹni tí wọ́n fipá mú kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ adájọ́ mùsùlùmí. Ìdí tó sì tún burú ni pé ẹ máa ń ṣèèṣì mú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn rárá, nítorí pé ó ń rìn jẹ́jẹ́, tàbí pé ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, tàbí pé kò tíì gbéyàwó.

Àwọn onímímọ̀ gba ìtàn kan wá nípa Sayyidinā Umar, nígbà tó jẹ́ olórí àwọn mùsùlùmí. Ó ń rìn ní Mẹ̀dínà lóru, ó gbọ́ ohùn nínú ilé kan, ó gun ògiri wọlé, ó bá ọkùnrin kan pẹ̀lú ọtí àti obìnrin. Ó bínú sí i. Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé bí òun bá dẹ́ṣẹ̀ kan, ẹ̀yin dá mẹ́ta: ẹ tọ pinpin, ẹ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ kò sì sálámà. Umar, tí èṣù pàápàá ń yà fún lójú ọ̀nà, ló gbà pé ọkùnrin náà sọ òótọ́. Ó fi í sílẹ̀, ó sì jáde. Umar ní àṣẹ ìlú lọ́wọ́ o. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yàn yín?

Ẹ tún rántí Mā'iz. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé òun ṣe àgbèrè. Ànọ́bì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún wá, Ànọ́bì tún yí ojú kúrò, títí tó fi di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hazzāl ló ti i wá. Ànọ́bì sọ fún Hazzāl pé ì bá sàn fún un kó ti fi aṣọ ara rẹ̀ bò ó. Ẹ gbọ́: fi aṣọ bò ó. Ẹ̀yin ni ẹ bọ́ aṣọ.

N kò ní pẹ́ lórí òfin ìjọba. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí òfin tó ka ọdún 14 sí ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, tó sì ka ọdún 10 sí àwọn nǹkan mìíràn. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ní kí ọmọ ogún ọdún gba PIN ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn jàǹdùkú fi ya wọ ilé àwọn èèyàn ní Gishiri ní Àbújá pẹ̀lú igi àti irin, wọ́n ń wọ́ wọn jáde lórí ibùsùn. Ní oṣù kẹjọ 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó, wọ́n sì tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n gbé 47 nínú wọn dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, nítorí pé ìjọba kò ṣe ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ. Ọdún méjì, òfo ni ẹjọ́ náà já sí. Ta ló lọ bá àwọn ìyá wọn pé ẹ má bínú?

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó náà, nítorí òun lẹ gbé wá bá mi. Ọlọ́hun mọ́, ohun tó mọ́ nìkan ló sì ń gbà. Sàráà tó wá láti inú owó tí wọ́n fi ọ̀nà èrú gbà, Ànọ́bì ti sọ pé Ọlọ́hun kì í gbà á. Kànga tí ẹ bá fi owó yẹn gbẹ́, ẹ ń fún àwọn èèyàn lómi àlùwàlá láti inú omijé ẹlòmíràn. Ànọ́bì bi àwọn sàábé rẹ̀ ní ọjọ́ kan pé ta ni wọ́n ń pè ní onígbèsè tó ti wọ gbèsè tán. Wọ́n ní ẹni tí kò ní owó ni. Ó ní rárá, ẹni tó kó ìrun, ààwẹ̀ àti zákà wá sí ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ ni, ṣùgbọ́n tó ti bú ẹni yìí, tó ti parọ́ mọ́ ẹni tọ̀hún, tó ti jẹ owó ẹlòmíràn, tó ti na ẹlòmíràn. Wọn yóò máa kó iṣẹ́ rere rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀. Bí iṣẹ́ rere bá tán, wọn yóò kó ẹ̀ṣẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn lé e lórí. Ìwọ ọmọ mi, ìwọ tí o kírun Jímọ̀ tán tí o wá na owó sí mi, ìrun yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ó ti lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́yẹlé. Tí ìrun rẹ kò bá sì tó san án, o mọ ohun tí wọ́n máa gbé lé ọ lórí, ohun tí o ní o kórìíra jù láyé ni.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ gbé iPhone wọlé, ẹ ṣe àdúà fún un, ẹ kò bi í. Ẹlòmíràn gbọ́ pé hómò ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní "kò burú". Lọ́la tí wọ́n bá fi ìbọn gba ti aládùúgbò yín, ẹ óò ní ayé ti bàjẹ́.

Àti ìwọ tí o ń ka èyí, tí o mọ̀ nínú ara rẹ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kàn ọ́, tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé o wà, nítorí pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó kọjá lábẹ́ pákó wàláà mi, kò lè ṣe kó má sí. N kò ní wàásù fún ọ níbí. Má lọ bá ẹni tí o kò mọ̀ nínú yàrá. Má fi PIN rẹ pamọ́ sínú fóònù. Tí wọ́n bá ti mú ọ rí, tí wọ́n ń pè ọ́ fún owó, má san kọ́bọ̀ mọ́, nítorí ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń padà wá bá. Sọ fún ẹnìkan tí o fọkàn tán. Tí kò bá sí, èmi wà. Kò sí ẹni tó máa gbé ọwọ́ sókè sí ọ lójú mi.

Àwọn kan máa kọ̀wé sí mi pé mò ń ti ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní mọ́sálásí. Ọkùnrin kan wà ní ìgbà ayé Ànọ́bì tó máa ń mu ọtí, wọ́n á nà án, á tún mu. Nígbà tí ẹnìkan ṣépè fún un, Ànọ́bì ní kí wọ́n má ṣépè fún un, nítorí pé ó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, kò sì jáwọ́, síbẹ̀ Ànọ́bì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú àwọn tó fẹ́ fi ẹnu pa á. Ẹ lọ bi Ànọ́bì pé kí ló dé tó ń ti ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́yìn.

Ìrònúpìwàdà lórí ẹ̀tọ́ èèyàn kò parí pẹ̀lú "astaghfirullāh". Owó gbọ́dọ̀ padà. Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó lọ kó àwọn mẹ́rin tó kù wá. Méjì wá. Wọ́n kó ₦85,000 jọ, àti fóònù náà, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Mo gbé e lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gba fóònù. Ó ka owó náà, ó fi ₦20,000 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n mú un lọ síbi kànga, nítorí pé ní báyìí, owó òun ni. Mo gbà á. Ní ti fídíò, mo ti yọ ẹni mẹ́ta kúrò lórí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́ wa, ẹni tó bá tún gbé e síbẹ̀ yóò tẹ̀lé wọn, ọmọ ìmáàmù ni o, ọmọ ta ni o.

Kò wá sí ìrun Jímọ̀ láti ìgbà náà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ń kírun nílé, lábẹ́ àwọn ẹyẹlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, amúgbohùn mọ́sálásí wa tún bẹ̀rẹ̀ sí í han nígbà tí mo wà lórí míńbárì. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Mo wo àwọn ọ̀dọ́, wọ́n wo ilẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ẹni tó ní ojú láti lọ pè é wá tún un ṣe.